Àwòrán Patirọ́ọ̀n Tí Kò Dé Libreville

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tí ẹ ti parí ìwé, tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ẹ ní kí n sọ bí iṣẹ́ tèmi ti rí. Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ọlọ́run tí ó dá mi sí ni ọpẹ́ yẹ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń retí ìtàn tó dùn, n kò ní i. Iṣẹ́ mi ni pé kí n mú ọ̀rọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì láìbàjẹ́. Mo ṣe é fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹyọ kan tí n kò ṣe dáadáa ni ó ń jí mi lójú oorun lójoojúmọ́.

Ní ọdún 1972, nígbà tí rédíò Dahomey ń lu orin ológun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ fún wa pé ìjọba ti yí padà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Baba mi ti kú, ìyá mi kò sì lágbára láti rán mi lọ síwájú. Ó mú mi lọ sí àdúgbò Akron, sọ́dọ̀ Baba Jeremí tí ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan níbẹ̀, ó ní kí ó kọ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ nípa owó lọ́jọ́ náà kò pọ̀, kò sì yẹ ní sísọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Patirọ́ọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ gbogbo ní Àjàṣẹ́ ti ń pe ọ̀gá wọn. N kò pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Ìwé ìkéde òkú ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Nínú àwọn ilé tí à ń tẹ̀wé fún, ìwé méjì ni òkú àgbà kan máa ń ní. Ìwé kìíní a máa jáde ní ọjọ́ kejì ikú, kì í sì í ní orúkọ. Orúkọ àgbà tí ó lọ kò gbọdọ̀ jáde títí àwọn àgbà ilé yóò fi jókòó, tí wọ́n á gbàdúrà, tí ohùn wọn á ṣọ̀kan. Nítorí náà ojú rẹ̀ nìkan ni à ń tẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: Baba wa tí ẹ ń wo ojú rẹ̀ yìí ti lọ sinmi. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwé kejì ni ó ń gbé orúkọ, àti àwọn ọmọ, àti ọjọ́ ìsìnkú.

Ojú náà, orí irin pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní kilisé ni ó wà. A máa ń kàn án mọ́ igi, a ó tò ó sáàárín àwọn lẹ́tà òjé, a ó fi yíńkì pa á. Bí yíńkì bá pọ̀ jù, imú àti ẹnu á dàpọ̀. Bí ó bá kéré jù, ojú á funfun bí ẹni tí ẹfun bò. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pa yíńkì lásán kí Patirọ́ọ̀n tó gbà mí láyè láti tẹ ojú ènìyàn.

Òun kì í na ènìyàn. Ohun tí ó máa ń ṣe le ju nínà lọ. Àpótí onígi kan wà lódìkejì ọ̀nà, lábẹ́ igi máńgòrò, tí a ń pè ní àpótí àlejò. Ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́ àfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ mú un sọdá, kí ó lọ jókòó síbẹ̀, kí ó kà á. Patirọ́ọ̀n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ta ni ó jókòó síbẹ̀?"

"Èmi ni, Patirọ́ọ̀n."

"Ìwọ kọ́. Ìwọ ti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Àlejò ni ó jókòó síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Avrankou dé, kò mọ ẹni tí ó kú. Kí ni àlejò rí?"

Èmi á sọ ohun tí àlejò rí. Bí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀ dípò ohun tí mo rí, á ní kí n dìde, kí n padà wọlé, kí n tún sọdá. Nígbà míì ó máa ń tó ìgbà márùn-ún lórí ìwé kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà á máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àlejò, ṣé o ti jẹun ní Avrankou kí o tó wá?"

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń bọ̀, tí mo sì ń kánjú, n kò sọdá. Mo ka ìwé náà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, mo sì kó o lọ fún àwọn oníǹkan. Nígbà tí wọ́n tú u ní gbangba, ojú ìyá arúgbó tí ó kú ti di àbàwọ́n dúdú. Patirọ́ọ̀n ní kí n padà sí ilé náà, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ ti bò ó mọ́lẹ̀ ṣáájú kí a tó sin ín." Mo sunkún dé ilé. Mo rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán lọ́jọ́ yẹn.

Bí ọdún ti ń lọ, Ìyípadà tí àwọn ológun kéde wọ inú iṣẹ́ wa. Gbogbo ènìyàn di kámáráàdì. Ìwé tí ó bá lọ sí bùró ìjọba, o gbọ́dọ̀ fi sí ìparí rẹ̀ pé o ti múra sílẹ̀ àti pé ìjà ń tẹ̀síwájú. A ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò pa wá lára. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, a gbàdúrà sí i, a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn mẹ́ta láti ìgbìmọ̀ kan ládùúgbò wọlé, wọ́n ní ìwé òkú náà gbọ́dọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ ìjà náà.

Patirọ́ọ̀n nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ áfíróònì, ó ní, "Kámáráàdì, ẹ má bínú. Òkú ti jà tán."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Méjì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un lọ, ọjọ́ méjì ni ó fi wà lọ́dọ̀ wọn. Ó padà wá ní òun nìkan, kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, a kò sì bi í. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n wá kó ẹ̀rọ àti gbogbo lẹ́tà òjé lọ, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba nílò rẹ̀. A kò rí i mọ́ títí di òní. Mo mọ̀ pé Ìwé Mímọ́ ní kí n dárí jì wọ́n, mo sì ń gbìyànjú. N kò ní í parọ́ fún yín pé mo ti ṣe é tán.

N kò tíì gba òmìnira ọmọ iṣẹ́ mi nígbà náà. Patirọ́ọ̀n fún mi ní òmìnira lábẹ́ igi máńgòrò, láìsí oúnjẹ, láìsí fótò. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà, ó sì gbé àpótí àlejò fún mi. Ó ní wọn kò mọ̀ pé àpótí náà ni ẹ̀rọ tí ó níye lórí jù nílé iṣẹ́ náà, wọn ì bá ti kó o lọ. Òun gan-an lọ ń dáko àgbàdo ní ẹ̀bá Avrankou. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó mú kí ìjọ kan gbà mí sí bùró wọn gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Níbẹ̀ mo fi maṣínnì títẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà sitẹ́ńsìlì tí ń ba gbogbo aṣọ mi jẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo ń gbé ìwé mi jáde lọ jókòó sórí àpótí náà lẹ́nu ọ̀nà bùró. Felísítè, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Patirọ́ọ̀n bí, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì rìn dáadáa. Bí Patirọ́ọ̀n bá lọ sóko, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń fi í sí. Orí maṣínnì mi ni ó ti mọ lẹ́tà. Fòfó ni ó ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ègùn ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin; àjèjì tó bá wá sí bùró ni ó ń pè mí ní Mùsíè. Nígbà tí ó dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, ó sì lọ ń ṣiṣẹ́ ní Libreville, ní Gabon. Patirọ́ọ̀n kò ní tẹlifóònù. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìsìn, á wọ fìlà rẹ̀ tó dára jù, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù bùró wa, á máa retí ohùn ọmọ rẹ̀. Kò sí oṣù kan tí kò pè.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dínatọ̀, tí àwọn míì ń pè ní kọ̀ǹpútà, dé. Mo ti lé ní àádọ́ta nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì rò pé yóò lé mi lọ. Mo bẹ Ọlọ́run, mo kọ́ ọ. Iṣẹ́ mi di kíkọ méèlì sí àwọn ọmọ ìjọ wa tí wọ́n wà ní òkèèrè. Ìṣòro rẹ̀ pọ̀. Lẹ́tà Faransé tí ó ní àmì lórí á dé ọ̀dọ̀ wọn bí àpẹẹrẹ oríṣiríṣi tí ẹnìkan kò lè kà. Ìwé tí mo tò sí àárín ojú ewé á dé pẹ̀lú ìlà tí ó já sí méjì-méjì. Àwọ̀ tí mo fi sí orin ìyìn á parẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń wá ojútùú sí, títí mo fi mọ ibi tí a ti ń yí bí lẹ́tà ṣe ń rìn padà, àti ìgbà tí ó yẹ kí a fi ìwé sílẹ̀ láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn bùró láti àdúgbò Houinmè bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí mi. Wọ́n ń pè mí ní dókítà méèlì. Ẹ gbà mí gbọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi. Mo gbé ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé jáde lé orí àpótí àlejò, nítorí pé gíga rẹ̀ bá tábìlì mi mu.

Ohun tí ó kù tó ń yọ mí lẹ́nu ni àwòrán. Bí mo bá fi fótò sínú ìwé, méèlì náà á wúwo, okùn tẹlifóònù wa kò sì lágbára. Á máa lọ, á máa lọ, á já. Mo wá inú ètò méèlì náà káàkiri, mo rí àpótí kékeré kan tí wọ́n fi àmì sí, pé kí àwòrán máa bá lẹ́tà lọ. Mo yọ àmì náà. Mo wo ìwé mi, àwòrán ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ó lọ, ó lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè, nínú bùró.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Patirọ́ọ̀n kú. Ó sùn lọ́sàn-án, kò jí.

Mo ní kí a pe Felísítè lórí tẹlifóònù. Àbúrò Patirọ́ọ̀n tí ó jẹ́ olórí ẹbí kọ̀. Ó ní ọmọ kì í dá gbọ́ ikú baba rẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, nílẹ̀ àjèjì, láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Kí ìwé ṣíwájú, kí ojú baba rẹ̀ sọ ọ́ fún un, ọmọ náà fúnra rẹ̀ á pè. N kò jiyàn. Mo ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé, ta ni ó tún yẹ kí n ṣe é fún jù? Mo mú fótò rẹ̀ pẹ̀lú fìlà ọjọ́ Àìkú, mo tò ó sí àárín, mo fi ìlà dúdú yí i ká, mo sì kọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà sábẹ́ rẹ̀ láìsí orúkọ. Mo rán an sí gbogbo ọmọ ìjọ lókèèrè, Felísítè láàárín wọn. Ó rẹwà. N kò tíì tẹ ojú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì, ìdáhùn rẹ̀ dé: "Fòfó, n kò rí ojú kankan níbẹ̀. Ta ni?"

Mo wo ẹ̀rọ mi. Patirọ́ọ̀n ń wò mí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ kí ọmọ òkú máa béèrè pé, ta ni ẹ ní ó kú? Mo kọ ọ́ padà: "Ó wà níbẹ̀. Wò ó dáadáa."

Ọkùnrin kan ní Abidjan náà kọ̀wé pé òun kò rí àwòrán. Fún ìyẹn, mo kọ gbogbo ọ̀nà tí yóò fi tún ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe, ojú ewé kan gbáko.

Nígbà tí àwọn àgbà ti jókòó tán, ìwé kejì jáde lórí bébà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, orúkọ Felísítè, àti ọjọ́ Sátidé fún ìsìnkú. Kí ó lè dé bí ó ti lẹ́wà gan-an, n kò tún un tẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ya odindi rẹ̀ ní àwòrán, mo sì rán an bẹ́ẹ̀. Felísítè kò dáhùn. Àbúrò Patirọ́ọ̀n bi mí bóyá ó ti gbọ́. Mo ní, "Ó ti gbọ́, Baba. Ó ti kọ̀wé sí mi." Ó mi orí. Ó ní ayé òde òní nìyẹn, ọmọ á jókòó sí Gabon, á fi méèlì sin baba rẹ̀.

Ọ̀nà sìbẹ̀ẹ̀ kan ní Houinmè, ibi tí wọ́n ti ń lo méèlì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí alùpùpù zẹ́mì. Bí mo bá lọ jókòó síbẹ̀ bí àlejò, kí n ṣí ìwé tí èmi gan-an rán, ọ̀rọ̀ ì bá tán. N kò lọ. Dókítà ni mí.

A sin ín ní Sátidé. Níbi tí ó yẹ kí ọmọ olóògbé ti da iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì ní kí èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dà á. Mo dà á. Inú bí mi sí Felísítè títí mo fi dé ilé.

Ọjọ́ kejì ni Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo wọ bùró lẹ́yìn ìsìn láti gbé ìwé orin pamọ́. Tẹlifóònù dún.

"Fòfó, ẹ káàsán o. Ìsìn ti parí? Ẹ gbé e fún Baba."

Mo wo àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù.

"Fòfó? Ṣé kò tíì dé ni? Ẹ sọ fún un pé mo ti rí bàtà tí ó ní kí n rà."

Mo sọ ọ́ fún un. Ohun tí àbúrò Patirọ́ọ̀n ní kí ó má ṣẹlẹ̀, òun náà ni ó ṣẹlẹ̀: ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tí ó dì í mú. Mo gbọ́ bí tẹlifóònù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Libreville.

Ní ọjọ́ Ajé mo lọ sí Houinmè. Obìnrin tí ó ni sìbẹ̀ẹ̀ náà ṣí ìwé mi fún mi. Níbi tí ojú Patirọ́ọ̀n yẹ kó wà, àyè òfìfo ni, pẹ̀lú àgbélébùú pupa kékeré kan ní igun rẹ̀. Ìwé kejì tó jẹ́ àwòrán lódindi, òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Baba, àwòrán yìí kò kúrò nílé yín rí. Àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín ni ẹ rán." Ojú mi nìkan ni ó ń rí i, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni ó wà.

Felísítè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó kọ́kọ́ lọ sí itẹ́ òkú, ó wá sí bùró lẹ́yìn náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àmì tí mo yọ, ìwé kejì, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun rí àgbélébùú náà, òun sì rò pé ọ̀ṣọ́ ìwé òkú ni, nítorí pé ìwé òkú wa kì í ṣe aláìní àgbélébùú. Ó ní nígbà tí mo ní kí òun wò ó dáadáa, òun rò pé àgbà ìjọ kan ni, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó wá sọ pé:

"Kò wá sí mi lọ́kàn pé Baba mi ni. Mo ní, bí ó bá jẹ́ Baba mi, Fòfó kò ní í fi ìwé kan náà tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé sọ ọ́ fún mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo kọ́ ọ ní A. Ó ní kí n dìde. Ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, òun náà sì ti dárí jì mí. Mo gbà á gbọ́. Ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má ṣe dá mi lẹ́bi, ó sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo fi àmì padà sí ibi tí mo ti yọ ọ́, n kò sì jẹ́ kí ìwé kan jáde láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ rán an sí ara mi, kí n wọ zẹ́mì, kí n lọ ṣí i ní Houinmè. Àwọn ọ̀dọ́ ní bùró ń fi mí rẹ́rìn-ín bí àwọn obìnrin Akron ti ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nítorí náà, iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹ wá àpótí àlejò rẹ̀, ẹ má sì gbé ohunkóhun lé e lórí. Tèmi wà ní ẹnu ọ̀nà ilé mi báyìí. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ ìwé yìí.

Felísítè máa ń wálé ní ọdún méjì-méjì. Ìgbàkígbà tí ó bá dé, ó máa ń wá kí mi, kò gbàgbé rí. Ó máa ń mú ẹ̀bùn wá fún ìyàwó mi. Ó máa ń kúnlẹ̀ dáadáa, ìkúnlẹ̀ ọmọ tí a kọ́, á tẹ orí ba.

Á ní, "Ẹ káàárọ̀, Mùsíè."